Dídí ihò inú gbòǹgbò eyín iwájú: ìdí tí a fi ń dí ohun tí ó ti mọ́

Ìbéèrè tí ó dára jù lọ tí aláìsàn kan bi mí rí nípa ìtọ́jú gbòǹgbò eyín kì í ṣe ti ìrora, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó. Olùkọ́ obìnrin kan láti Ìyàrà ni ó béèrè rẹ̀. Mo ti fọ inú eyín iwájú rẹ̀ tán, mo sì ń ṣàlàyé fún un pé yóò padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kí n lè dí ihò náà, ni ó bá wò mí, ó ní, "Dókítà, ẹ ní ẹ ti kó gbogbo ohun tí ó bàjẹ́ kúrò níbẹ̀, èmi náà sì mọ̀ pé kò dùn mí mọ́. Bí ihò bá ti mọ́, kí ni ẹ tún fẹ́ dí níbẹ̀?" Mo dá a lóhùn ní ṣókí lọ́jọ́ náà nítorí pé àwọn ènìyàn ń dúró níta. Níhìn-ín, mo fẹ́ dá a lóhùn ní kíkún, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìdí tí a fi ń dí ihò tí ó ti mọ́ ni yóò mọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi ń gba sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Àyíká Kàbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí wọ́n ń wá sọ́dọ̀ wa sì ń ti Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà wá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú eyín iwájú tí mo ń tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ ni eyín tí ó gbá nǹkan: ọ̀kadà ṣubú, bọ́ọ̀lù ba ọmọ lẹ́nu, tàbí ẹnì kan fi eyín ṣí ìgò. Nígbà mìíràn, ọdún púpọ̀ á ti kọjá lórí ìṣubú náà kí ẹni náà tó ṣàkíyèsí pé eyín kan ń dúdú láàárín àwọn yòókù, tàbí kí ibi kan tó yọ kókó lórí èrìgì tí ọyún sì ń tibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pinnu láti ilé pé kí a yọ ọ́ sọnù. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àwòrán X-ray rẹ̀, nítorí pé eyín oní-gbòǹgbò kan wà lára èyí tí a lè gbà là níhìn-ín, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn.

Bí mo bá sọ pé eyín oní-gbòǹgbò kan, àwọn eyín iwájú òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, àti eyín ṣóńṣó tí ó tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn eyín kéékèèké tí ó wà ṣáájú àwọn eyín ńlá tí à ń fi lọ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbòǹgbò kan túmọ̀ sí ihò kan nígbà gbogbo. Eyín iwájú òkè ti àárín kì í sábà ní ju ihò kan lọ, ó sì gùn tó mìlímítà 22 sí 23 láti etí rẹ̀ dé ṣóńṣó gbòǹgbò. Eyín ṣóńṣó òkè ni ó gùn jù lọ lẹ́nu. Ó sábà máa ń tó mìlímítà 26 tàbí 27, òmíràn tilẹ̀ kọjá 30, tí ó fi jẹ́ pé fáìlì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ha inú ihò náà, tí ó gùn ní mìlímítà 25 kò lè dé ìdí rẹ̀. Eyín iwájú ìsàlẹ̀ ni ẹlẹ́tàn. Ó kéré lójú, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá irú eyín bẹ́ẹ̀ ni ó ní ihò méjì, tí ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì níhà ọ̀dọ̀ ahọ́n, tí àwòrán tí a yà láti iwájú gan-an kò sì lè fi hàn. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń ya àwòrán kejì láti ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ pé mo ti rí gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀.

Mo padà sí ìbéèrè olùkọ́ náà. Àárín eyín kì í ṣe egungun líle láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mùdùnmúdùn ni ó wà níbẹ̀, ẹran rírọ̀ tí ó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára, tí ó gba ihò tínrín kan ní ṣóńṣó gbòǹgbò wọlé láti inú egungun àgbọ̀n. Bí eyín bá gbá nǹkan gidigidi, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ náà lè já ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Bí eyín bá sì jẹrà dé ọ̀dọ̀ mùdùnmúdùn, kòkòrò àrùn ni yóò pa á. Ọ̀nà yòówù tí ó bá gbà kú, àbájáde rẹ̀ kò yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ kò wọ inú eyín náà mọ́, ohun gbogbo tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti bá àrùn jà kò sì lè dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí kápúsù tí àwọn ènìyàn ń rà ní kẹ́mísìtì fi lè mú kí ẹ̀kẹ́ tí ó wú rọlẹ̀, síbẹ̀ tí kì í wo eyín náà sàn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń gbà rìn, nígbà tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò wọ ihò náà mọ́, àwọn kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ yóò máa gbé ní àlàáfíà títí ọjọ́ tí oògùn bá tán, lẹ́yìn náà ni wíwú yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Pé kòkòrò àrùn ni ó wà nídìí gbogbo wàhálà yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 1965, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Kakehashi, Stanley àti Fitzgerald, gbẹ́ ihò sí eyín àwọn eku títí mùdùnmúdùn fi hàn síta, wọn kò sì dí i. Àwọn eku kan ń gbé bí eku ṣe ń gbé, àwọn yòókù ni a ti tọ́ láti ìgbà ìbí wọn ní ibi tí kò sí kòkòrò kankan. Mùdùnmúdùn àwọn eku àkọ́kọ́ kú, ọyún sì gbára jọ sí ìdí gbòǹgbò wọn. Ti àwọn ìkejì kò kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ há sínú ihò náà. Ṣe ni ara wọn tún mọ ògiri líle tuntun bo ojú ọgbẹ́. Ìwádìí díẹ̀ ni ó fara hàn gedegbe tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wa.

Nísinsìnyí, bí kòkòrò bá jẹ́ ọ̀tá, kí ló dé tí fífọ̀ nìkan kò tó? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó lè fọ ihò gbòǹgbò tán pátápátá. Ògiri rẹ̀ kì í dán láìní ihò. Ọ̀nà tóóró tí ojú kò lè rí kún inú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ni wọ́n nínú mìlímítà kan níbùú lóròó, àwọn kòkòrò a sì máa wọ inú wọn lọ sá pamọ́. Ìdí kejì ni pé omi ara ń sun láti inú egungun gba ìdí gbòǹgbò wọlé, oúnjẹ gidi ni ó sì jẹ́ fún ìwọ̀nba kòkòrò tí ó bá ṣẹ́ kù. Láti òkè, itọ́ ń wá ọ̀nà wọlé. Ihò tí ó ṣófo kì í ṣófo pẹ́. Ohun tí a fi ń dí i kò wo àrùn kankan sàn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àyè tí kòkòrò ìbá gbà, láti sé àwọn tí ó ṣẹ́ kù mọ́ inú ògiri níbi tí wọn kò ti ní rí oúnjẹ jẹ, àti láti ti ilẹ̀kùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ pa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ohun rere dí ihò tí kò mọ́ ti tilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé ni.

Lórí fífọ̀ náà, n kò ní pẹ́. A ó gún abẹ́rẹ́ kí ojú ibẹ̀ lè kú, a ó sì fi aṣọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yọ eyín náà nìkan sóde kúrò lára ẹnu yòókù. Láti ọdún 1864 ni Sanford Barnum ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo aṣọ rọ́bà yìí ní Amẹ́ríkà, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn kan ṣì ń rò pé òwú lásán tó. Itọ́ tí a ń sá fún ni òwú ń jẹ́ kí ó wọlé, fáìlì kékeré sì lè bọ́ sọ́nà ọ̀fun aláìsàn. Ẹ̀yìn eyín ni a ti ń ṣí i, níhà ọ̀dọ̀ ahọ́n tàbí àjà ẹnu, kí ojú rẹ̀ tí ayé ń rí má bàa bàjẹ́. A ó wá wọn bí ihò náà ti gùn tó. Ibi tí ó fún jù lọ nínú ihò náà sábà máa ń wà ní ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan kí a tó jáde síta ní ìdí gbòǹgbò, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ wa gbọ́dọ̀ parí sí, ti fífọ̀ àti ti dídí. Fáìlì ni à ń fi fẹ ihò náà láti kékeré dé ńlá: èyí tí ó ní nọ́ńbà 25 nípọn ní ìdá mẹ́rin mìlímítà kan ní ẹnu rẹ̀, àwọ̀ pupa sì ni a fi ń dá a mọ̀, 30 jẹ́ búlúù, 35 jẹ́ àwọ̀ ewé, 40 sì jẹ́ dúdú. Láàárín fáìlì kan sí òmíràn ni à ń fi sodium hypochlorite ṣan ibẹ̀, irú kẹ́míkà tí ó wà nínú omi tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú aṣọ funfun mọ́. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń fún un kò gbọdọ̀ há mọ́ ihò, nítorí pé bí omi yìí bá kọjá sínú egungun, ìrora àti wíwú tí yóò tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré.

Ìgbà wo wá ni ihò náà tó ní dídí? Pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fa omi ni ó ń sọ fún mi. Mo ń tì í bọ ihò títí dé ìwọ̀n gígùn tí a ti wọ̀n, mo sì ń wo ẹnu rẹ̀ bí mo bá fà á jáde. Bí ó bá gbẹ, ó dára. Bí ó bá jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ọyún tàbí omi tí ń sun láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ó ń rùn, n kò ní dí i lọ́jọ́ náà, bí aláìsàn ti wù kí ó bẹ̀ mí tó. Calcium hydroxide ni mo máa ń fi sínú rẹ̀, èròjà funfun kan tí kòkòrò kò lè fara dà, tí Hermann ní ilẹ̀ Jámánì mú wọ inú iṣẹ́ wa ní ọdún 1920. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ó yẹ kí ó lò níbẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ ńlá láàárín eyín tí a fọ̀ tí a sì dí lọ́jọ́ kan náà àti èyí tí a pín sí ọjọ́ méjì, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ní tèmi, bí mùdùnmúdùn bá ṣì wà láàyè nígbà tí mo ṣí eyín náà, mo ń parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọyún bá ti wà níbẹ̀, mo ń dúró.

Ìṣòro dídúró yìí ni pé àwọn aláìsàn kì í padà. Ní àkókò kajú, láti bí oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, ẹ lè gbàgbé pé ẹnikẹ́ni tí ó ní oko yóò pa iṣẹ́ tì láti wá jókòó sórí àga dókítà eyín nígbà tí eyín náà kò dùn ún mọ́. Mo mọ̀ pé owó ọdún kan ni ó wà lábẹ́ igi náà, n kò sì lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ìdènà onígbà díẹ̀ tí a fi bo ẹnu ihò kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ń jẹ, ó ń ṣí, itọ́ ń wọlé, iṣẹ́ fífọ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ní àkókò kajú, mo máa ń béèrè oko kí n tó béèrè ìrora, mo sì ń ṣètò ọjọ́ kejì sí ọjọ́ tí ẹni náà fúnra rẹ̀ bá mọ̀ pé òun yóò wà nílé.

Ohun tí a fi ń dí ihò náà ni gutta-percha. Oje igi kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni, ní àgbègbè Malaysia àti Indonesia. Ó bá rọ́bà tan: ohun kan náà ni a fi mọ wọ́n, bí àwọn ẹ̀yà náà ṣe tò tẹ̀ léra ni ó yàtọ̀, nítorí náà ni rọ́bà fi ń nà tí ó sì ń padà, tí gutta-percha sì le tí ó ń rọ̀ bí iná bá kàn án. Ní ọdún 1843 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Montgomerie fi í ránṣẹ́ sí London láti Singapore, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi bo wáyà tẹligíráàmù tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ òkun, nítorí pé omi kì í wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1867 ni Bowman, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, lò ó láti dí gbòǹgbò eyín. Nínú èyí tí à ń lò lónìí, oje igi náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Zinc oxide ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn èròjà tí ń jẹ́ kí ó hàn funfun kedere lójú àwòrán X-ray. Ẹ má ṣe fi í síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ooru oṣù kẹta ní ọ̀dọ̀ wa kì í ṣeré, gutta-percha tí ó bá sì ti pẹ́ nínú ooru àti ìmọ́lẹ̀ yóò gan, yóò sì máa ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Inú fíríìjì ni tèmi ń gbé, bí iná kò tilẹ̀ sí lójoojúmọ́. A kò lè sè é bí a ti ń se irin, nítorí pé yóò yọ́; inú sodium hypochlorite tí ó lágbára ni mo ń rì í sí fún ìṣẹ́jú kan kí ó tó wọ ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ẹyọ gutta-percha àkọ́kọ́ tí a ó yàn, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì ṣóńṣó bí fáìlì, ni ó ń pinnu gbogbo iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti fáìlì ńlá tí ó dé ìdí ihò gbẹ̀yìn mu. Mo ń fi tíwísà dì í mú ní ìwọ̀n gígùn tí a ti wọ̀n, mo sì ń tì í wọlé nígbà tí ihò ṣì tutù. Ó yẹ kí ó dúró ní ìwọ̀n náà gẹ́lẹ́, kí ó má kọjá bí a tilẹ̀ tì í, kí ó sì lọ́ra díẹ̀ láti jáde nígbà tí a bá fà á. Ìlọ́ra kékeré yẹn ni mo ń wá. Ọwọ́ ni ó ń gbọ́ ọ, ojú kò lè rí i. Bí ó bá ń bọ́ jáde wọ̀ọ̀, ó tínrín jù. Mo lè gé díẹ̀ kúrò ní ṣóńṣó rẹ̀ tàbí kí n mú nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e. Bí kò bá dé ìwọ̀n, ihò ni kò tíì fẹ̀ tó, kò sì yẹ kí a fipá tì í. Lẹ́yìn náà ni mo ń ya àwòrán pẹ̀lú rẹ̀ nínú eyín. Àwọn kan ń fo àwòrán yìí nítorí owó tàbí nítorí pé jẹnẹrétọ̀ kò tíì dáhùn, ṣùgbọ́n òun ni àǹfààní ìkẹyìn tí a ní láti tún ìwọ̀n ṣe kí ohunkóhun tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí gbogbo rẹ̀ bá gún, mo ń fi tíwísà ṣe àmì sí ara rẹ̀ ní ibi tí ó bá etí eyín mu, kí n lè dá a padà sí ojú ibẹ̀ gan-an.

Gutta-percha kì í lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀. Èròjà ìlẹ̀mọ́ ni ó ń dí àlàfo tí ó wà láàárín òun àti ògiri. Oríṣiríṣi ni ó wà báyìí, tí àwọn tuntun kan sì dára púpọ̀ tí wọ́n sì wọ́n gan-an. Èyí tí mo ń lò jù ni ti zinc oxide àti eugenol. Inú kànáfùrù ni eugenol ti ń wá, nítorí náà ni ilé ìwòsàn eyín gbogbo ṣe ń rùn bí ilé ẹni tí ń se oúnjẹ ọdún. Mo ń pò ó lórí gíláàsì títí yóò fi nípọn dé ibi tí ó lè fà tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì láti ojú gíláàsì kí ó tó já. Díẹ̀ ni à ń lò. Èròjà ìlẹ̀mọ́ a máa sún kì bí ó bá ń gbẹ, ó sì lè yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí omi ara bá ń kàn án, nítorí náà gutta-percha ni ó gbọ́dọ̀ kó ọ̀pọ̀ àyè.

Ẹni tí ó bá ti di ẹrù igi ìdáná rí mọ̀ pé bí ó ti wù kí igi àárín tóbi tó, àlàfo yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti pé igi wẹ́wẹ́ tí a fi ipá há sáàárín ni ó ń mú kí ẹrù náà le gbagidi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń dí gbòǹgbò. Lẹ́yìn tí gutta-percha àkọ́kọ́ bá ti jókòó pẹ̀lú èròjà ìlẹ̀mọ́ lára rẹ̀, mo ń ti spreader bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó tí ara rẹ̀ sì dán. Ó gbọ́dọ̀ lè dé ibi tí ó ku mìlímítà 1 tàbí 2 sí ìdí ihò. Bí kò bá lè dé ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ihò, níbi tí dídí ti ṣe pàtàkì jù, yóò wà pẹ̀lú ẹyọ gutta-percha kan ṣoṣo àti èròjà ìlẹ̀mọ́ tí ó pọ̀ jù. Mo ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí gutta-percha lè gbà láti fara ti ògiri. Bí mo bá fẹ́ fà á jáde, mo ń yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ kí ó má bàa fa ti àkọ́kọ́ tẹ̀ lé ara rẹ̀, ẹyọ gutta-percha mìíràn tí ó tínrín sì ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ láti wọ àyè tí spreader fi sílẹ̀ kí àyè náà tó pa dé. Bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe é léraléra, títí spreader kò fi ní lè wọlé ju mìlímítà díẹ̀ lọ láti ẹnu ihò.

Ọwọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọwọ́ náà ni ó sì ń bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá tẹ spreader pẹ̀lú agbára èjìká lè la gbòǹgbò sí méjì lóòró, eyín tí ó bá sì là bẹ́ẹ̀ kò ní àtúnṣe mọ́ ju kí a yọ ọ́ lọ. Eyín iwájú ìsàlẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù jù, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ tínrín láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí a fi iná mọ̀nàmọ́ná yọ́ gutta-percha kí ó lè ṣàn wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Wọ́n dára, pàápàá fún ihò tí kò rí roboto. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí iná lè lọ nígbà tí irin ṣì wà nínú eyín aláìsàn, mo fara mọ́ ọ̀nà tí kò béèrè ju spreader àti àtùpà sípíríìtì lọ. Kò sí ẹ̀rí tí ó tó mi láti gbà pé ìyàtọ̀ àárín wọn nínú eyín oní-gbòǹgbò kan tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Nígbà tí a bá ti dí i tán, àwòrán ni yóò jẹ́rìí. Mo ń wo ohun funfun kan tí kò já láàárín, tí ó fẹ̀ lókè tí ó sì ń tínrín lọ sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ihò náà ti rí, láìsí ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó sì parí láàárín mìlímítà 2 sí ṣóńṣó gbòǹgbò. Ìwọ̀n yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ní Sweden, Sjögren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn eyín tí a tọ́jú fún ọdún 8 sí 10, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1990. Nínú àwọn eyín tí mùdùnmúdùn wọn ti kú tí egungun ìdí wọn sì ti jẹ, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó san nígbà tí ohun tí a fi dí wọn parí láàárín mìlímítà 2 yẹn. Nígbà tí ó kọjá síta, ó di 76, nígbà tí kò sì dé ibẹ̀ rárá, ó di 68. Èròjà ìlẹ̀mọ́ díẹ̀ tí ó bá ṣèèṣì yọ síta lè má fa nǹkankan, ara a máa gbé e mì lọ́jọ́ iwájú. Gutta-percha tí ó bá jáde kò ní lọ síbì kankan.

Irin gbígbóná ni mo fi ń gé èyí tí ó yọ sókè. Nínú eyín iwájú, kò tó kí a gé e dọ́gba pẹ̀lú èrìgì. Mo ń gé e wọ inú gbòǹgbò ní mìlímítà 1 tàbí 2, mo sì ń fi òwú tí a rì sínú sípíríìtì nu gbogbo èròjà ìlẹ̀mọ́ kúrò lára ògiri òkè, nítorí pé ohun tí ó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ yóò sọ eyín náà di aláwọ̀ eérú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, aláìsàn yóò sì máa rò pé eyín náà tún ti ń kú.

Lẹ́yìn èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́. Aláìsàn rí i pé kò dùn òun, ó rí i pé a ti dí i, ó sì gbà pé ó ti parí, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdènà onígbà díẹ̀ ni ó wà lẹ́nu ihò. Ní ọdún 1995, Ray àti Trope yẹ àwòrán eyín 1,010 tí a ti dí gbòǹgbò wọn wò, wọ́n sì rí i pé bí ìdènà òkè ti dára tó ní í ṣe pẹ̀lú ìlera egungun ìdí eyín ju bí a ti dí gbòǹgbò náà tó lọ. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé méjèèjì ni ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ti 1995 yẹn wọ̀ mí lára: n kì í jẹ́ kí eyín iwájú kúrò lórí àga láìsí ìdènà tí yóò pẹ́, bí àkókò bá wà rárá. Bí ògiri eyín náà bá ṣì pé, ìdènà aláwọ̀ eyín tí a lẹ̀ mọ́ ọn láti ẹ̀yìn ti tó. N kò fara mọ́ bí àwọn kan ṣe ń gbẹ́ gbogbo eyín iwájú tí a bá ti dí láti fi adé, ìbòrí líle tí a ṣe bí eyín, bò ó; ìgbà tí eyín náà bá ti ṣẹ́ púpọ̀ ni adé wúlò.

Fún ọmọdé tí eyín iwájú rẹ̀ gbá nǹkan, gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí yàtọ̀. Nǹkan bí ọmọ ọdún 7 tàbí 8 ni eyín iwájú òkè tí kì í pààrọ̀ ń yọ, gbòǹgbò rẹ̀ kì í sì í parí títí ọmọ náà yóò fi tó bí ọdún 10. Ìdí ihò náà ṣì ṣí gbayawu, kò sí ibi tóóró kankan tí yóò dá gutta-percha dúró. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Eyín tí a dí lè máa dunni díẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta bí a bá fi jẹun, parasítámọ́ọ̀lù sì máa ń tó o. Wíwú tàbí ìrora tí ń pọ̀ sí i kò sí lára rẹ̀. Kí ẹni náà padà wá kíákíá. Lẹ́yìn ọdún kan ni mo ń ya àwòrán mìíràn láti wò ó bóyá òkùnkùn tí ó wà nídìí gbòǹgbò ti ń kéré, èyí tí í ṣe àmì pé egungun ń padà. Nínú àwọn mìíràn, ó lè gba ọdún 4 kí ó tó pé pátápátá, nítorí náà n kì í sáré sọ pé iṣẹ́ kan ti kùnà. Bí òkùnkùn náà bá ń tóbi sí i, ohun tí ó kù ni kí a yọ gutta-percha náà kúrò, kí a tún inú rẹ̀ fọ̀, kí a sì tún un dí. Ó ṣe é yọ, fáìlì àti èròjà tí ń yọ́ ọ lè kó o jáde. Ìdí mìíràn nìyẹn tí n kò fi gbà láti fi àwọn èròjà olóró tí ó ní paraformaldehyde rọ́ inú gbòǹgbò kún, bí àwọn kan ti ń ṣe kí iṣẹ́ lè yá: bí èyí tí ó le nínú wọn bá ti gan sínú ihò, kò sí fáìlì tí ó lè gba àárín rẹ̀ kọjá mọ́, bí ó bá sì kọjá síta, ó lè pa iṣan ìmọ̀lára àgbọ̀n, kí ètè aláìsàn kú títí ayé rẹ̀.